Òpó Etíkun àti Sátẹ́láìtì Àwọn Ológun: Ohun Tí Mo Fi Ayé Mi Wọ̀n

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa tí ẹ máa ń jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ mi ní Mamobi lẹ́yìn ìrun Jímọ́ọ̀, ẹ ti bi mí lọ́pọ̀ ìgbà pé iṣẹ́ wo ni mo ṣe tí mo fi ń rìn bí ẹni tí ó ni títì. Ẹlòmíràn nínú yín ń rò bóyá kí òun kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, ẹlòmíràn ń rò bóyá kí òun máa ta fóònù ní Lapaz, ẹlòmíràn kò tilẹ̀ tí ì mọ ohun tí òun ń rò. Ọdún tí ó lé ní ọgbọ̀n ni mo fi ṣe iṣẹ́ awọnlẹ̀, èyí tí ẹ̀yin ń pè ní sọ̀fíyọ̀. Mo fẹ́ kọ ọ́ sílẹ̀ kí ẹ lè mọ ohun tí ó wà nínú fífi gbogbo ọjọ́ ayé ẹni lé iṣẹ́ kan ṣoṣo. Ní pàtàkì jù lọ, mo fẹ́ kí ẹ mọ bí a ṣe fi sátẹ́láìtì tí wọ́n ṣe nítorí ogun gba ilẹ̀ àwọn apẹja kan là, ní ìgbà tí òkun ti múra tán láti gbé òpó tí gbogbo ìwé ilẹ̀ wọn dúró lé lórí mì.

Mamobi, ní Accra níhìn-ín, ni a bí mi sí, nínú agbolé tí a ti ń sọ Yorùbá nínú ilé, Hausa ní ojúde, Ga ní ọjà, tí a sì ń sọ Gẹ̀ẹ́sì ní ilé-ẹ̀kọ́ pẹ̀lú ìbẹ̀rù. Aránṣọ ni bàbá mi, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́. Ó fi mí sí ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọmọbìnrin tí àwọn òyìnbó obìnrin ń darí, níbi tí a ti ń jókòó ṣánṣán, tí a sì ń dìde bí olùkọ́ bá wọlé. Àwọn ará àdúgbò wí fún un pé kéwú tó fún obìnrin. Ó dá wọn lóhùn pé abẹ́rẹ́ kan náà ni òun fi ń rán aṣọ ọkùnrin àti ti obìnrin. Nígbà tí àṣẹ jáde pé kí àwọn àjèjì tí kò ní ìwé kúrò ní Ghana, òun àti ìyá mi wà lára àwọn tí ó di ẹrù. Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi Bùráímọ̀ ní ìwé, a sì dúró. N kò ní sọ púpọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ lórí ọ̀rọ̀ yẹn, nítorí pé àwọn òbí yín mọ̀ ọ́n.

Bí mo ṣe wọ iṣẹ́ kò gba ọ̀rọ̀ gígùn. Ọ́fíìsì àwọn awọnlẹ̀ kan ní Accra ń wá àwọn tí ó mọ ìṣirò, wọ́n dán wa wò, mo yege. Owó oṣù náà tó fún oúnjẹ àti aṣọ. Kò tó fún ìgbéraga. Ohun tí ó sọ mí di ènìyàn ni ẹni tí wọ́n fi mí sí abẹ́ rẹ̀.

Ọ̀gbẹ́ni Kwánsà ni orúkọ rẹ̀, ọkùnrin Fante kan tí ó gùn bí ọ̀pá, tí ṣòkòtò rẹ̀ máa ń ní ìlà títọ́ kan níwájú, tí ènìyàn lè fi wọn ilẹ̀. Òun ni olórí ẹ̀ka ìṣirò. Ní ìgbà yẹn, bí àwọn tí ó lọ sí pápá bá ti gun òkè, tí wọ́n fi awò wọn igun láti orí òpó kan dé òmíràn, àwa tí a wà nílé ni a máa ń fi ìwé òǹkà àti ẹ̀rọ ìṣirò onírin tí a ń fi ọwọ́ yí ṣe àròpọ̀ rẹ̀, títí a ó fi mọ ibi tí òpó kọ̀ọ̀kan wà lórí ilẹ̀ ayé. Ọ̀gá kò gba rọ́bà tí a fi ń pa ìkọ̀wé rẹ́ láàyè nínú yàrá náà. Ó ní ẹni tí ó bá ṣì í, kí ó fi ìlà kan ṣoṣo fa á já, kí gbogbo ayé lè rí ibi tí ó ti ṣì í. Ènìyàn méjì ni ó máa ń ṣe ìṣirò kan náà, wọn a sì kọ ẹ̀yìn síra wọn, kí ojú ẹnì kan má baà bọ́ sórí ìwé ẹnì kejì.

Ní ọ̀sẹ̀ mi àkọ́kọ́, akẹgbẹ́ mi ń ṣàìsàn, mo sì dá iṣẹ́ náà ṣe. Mo gbé e lọ sí orí tábìlì ọ̀gá pẹ̀lú ayọ̀.

"Mís Mòdínátù, kí ni èyí?"

"Ìdáhùn ni, sà."

"Mo rí i pé ìdáhùn ni. Ta ni ó jẹ́rìí rẹ̀?"

"Èmi ni, sà."

"Ìwọ ni olùpẹjọ́, ìwọ náà ni ẹlẹ́rìí. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni ẹ ti máa ń dá ẹjọ́ ní ilé yín? Padà lọ bẹ̀rẹ̀ láti ìdí, má sì wo ti àkọ́kọ́."

Mo sunkún nínú ilé ìgbọ̀nsẹ̀, mo fọ ojú mi, mo sì padà lọ bẹ̀rẹ̀ láti ìdí. Ìdáhùn náà bá ti àkọ́kọ́ mu. Ọ̀gá wò ó, ó mi orí lẹ́ẹ̀kan, ó sì gbé iṣẹ́ mìíràn fún mi. Ẹ̀yin ọmọ òní, bí ọ̀gá yín bá bá yín wí lẹ́ẹ̀kan, ẹ ó ti fi fóònù kéde rẹ̀. Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé ohùn líle ọkùnrin náà ni ó ń gbé mi ró títí di òní. Irin tí kò rí iná kò lè di ọ̀bẹ.

Lẹ́yìn ọdún díẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í bá wọn lọ sí pápá. Obìnrin kò wọ́pọ̀ níbẹ̀. Bàbá mi, tí ó ti gbọ́ ní Ògbómọ̀ṣọ́, ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n mi pé kí ó bi mí bóyá òótọ́ ni pé mo ń wọ ṣòkòtò gun òkè pẹ̀lú àwọn ọkùnrin. Bùráímọ̀ dá a lóhùn pé òótọ́ ni, ṣùgbọ́n àwọn ọkùnrin náà ni ó ń mí hẹlẹhẹlẹ lẹ́yìn mi.

Àkókò yẹn ni sátẹ́láìtì dé bá wa.

Ẹ tẹ́tí sílẹ̀ dáadáa níhìn-ín, nítorí pé fóònù tí ẹ fi ń wá ọ̀nà lónìí, ọmọ-ọmọ ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ni. Transit ni wọ́n ń pè é. Àwọn ológun orí omi ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni wọ́n ṣe é fún. Wọ́n ní ọkọ̀ tí ó máa ń farapamọ́ sí abẹ́ òkun fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀, tí ó sì gbé ohun ìjà tí ń fò lọ sí ọ̀nà jíjìn. Ọkọ̀ tí ó pẹ́ lábẹ́ omi bẹ́ẹ̀ kì í mọ ibi tí òun wà dájú mọ́, ẹni tí kò sì mọ ibi tí òun dúró, òkò rẹ̀ kò lè ba ohun tí ó fojú sùn.

Bí ìmọ̀ náà ṣe bẹ̀rẹ̀ ni ó wú mi lórí jù. Nígbà tí àwọn ará Rọ́ṣíà kọ́kọ́ ju sátẹ́láìtì sí òfuurufú, àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin onímọ̀ méjì ní Amẹ́ríkà jókòó ti rédíò, wọ́n ń gbọ́ bí ó ti ń ké. Wọ́n ṣàkíyèsí pé ohùn rẹ̀ ga nígbà tí ó ń bọ̀, ó sì rẹlẹ̀ nígbà tí ó ń lọ. Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n: bí ẹ bá dúró sí ẹ̀bá títì, tí ọkọ̀ tí ń gbé aláìsàn bá ń ké bọ̀, fèrè rẹ̀ a ga, bí ó bá ti kọjá yín, fèrè kan náà a wálẹ̀. Láti inú wíwálẹ̀ ohùn yẹn nìkan ni wọ́n fi ṣírò gbogbo ọ̀nà tí sátẹ́láìtì náà ń tọ̀. Ọ̀gá wọn wá yí ìbéèrè náà padà bí ẹni yí inú aṣọ síta. Bí ẹni tí ó mọ ibi tí òun dúró bá lè fi ohùn náà mọ ọ̀nà sátẹ́láìtì, ẹni tí ó bá mọ ọ̀nà sátẹ́láìtì lè fi ohùn kan náà mọ ibi tí òun dúró.

Kékeré ni ohun náà, bí àgbá omi, pẹ̀lú ìyẹ́ mẹ́rin tí ń gba agbára láti ara oòrùn. Ó ń rìn láti òkè ayé dé ìsàlẹ̀ ayé, ayé sì ń yí lábẹ́ rẹ̀. Áńtẹ́nà rẹ̀ gbọ́dọ̀ máa kọjú sí ilẹ̀ nígbà gbogbo, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ènìyàn lókè tí yóò dì í mú. Àwọn tí ó ṣe é rọ ọ̀pá gígùn kan tí ó yọ jáde láti ara rẹ̀, wọ́n so ohun wíwúwo kékeré mọ́ orí ọ̀pá náà. Nítorí pé ilẹ̀ ayé ń fa ohun tí ó sún mọ́ ọn ju èyí tí ó jìnnà lọ, ọ̀pá náà a nà tọ́ọ́rọ́, sátẹ́láìtì a sì dúró ṣánṣán bí okùn ìwọ̀n àwọn bíríkìlà. Nígbà tí mo kọ́kọ́ lóye èyí, mo dìde dúró nídìí tábìlì mi. Okùn ìwọ̀n tí mo ń lò lórí òkè, òun náà ni wọ́n gbé lọ sí ọ̀run!

Ohùn méjì ni ó fi ń sọ̀rọ̀, ọ̀kan ga ju èkejì lọ. Ìdí rẹ̀ ni pé afẹ́fẹ́ òkè máa ń tẹ ohùn díẹ̀. Ẹ fi wé ìránṣẹ́ méjì tí ẹ rán gba inú àbàtà kan náà kọjá, ọ̀kan fúyẹ́, ọ̀kan wúwo. Bí ẹ bá mọ bí àbàtà ti dá ọ̀kan dúró ju èkejì lọ tó, ẹ ó mọ bí àbàtà náà ti jìn tó, láì fi ẹsẹ̀ kàn án. Ní gbogbo ìṣẹ́jú méjì-méjì, ó tún máa ń kéde ọ̀nà ara rẹ̀ láti inú iyè tí wọ́n fi sí i nínú. Ó kan ń wí fún gbogbo ayé pé: ibi tí mo wà nìyí, ibi tí mo wà nìyí.

Nígbà tí ó yá, àwọn ológun gbà kí àwọn aráàlú náà máa lò ó. Ọ́fíìsì wa gba ẹ̀rọ kan tí ó lè gbọ́ ohùn náà, àpótí kan tí ó wúwo bí àpò símẹ́ńtì, tí ó ń gba ọ̀rọ̀ sílẹ̀ sórí téèpù. Ọ̀gá Kwánsà yàn mí láti máa darí rẹ̀. Àwọn kan kùn. Ọ̀gá ní kí ẹni tí ó bá lè ṣe ìṣirò mi láì fi ìlà fa nǹkan kan já bọ́ síwájú. Kò sí ẹni tí ó bọ́ síwájú.

Kí a gbé áńtẹ́nà lé orí òpó kan, kí a gbọ́ ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìkọjá sátẹ́láìtì, kí a sì fi gbogbo rẹ̀ ṣe ìṣirò: iṣẹ́ náà nìyẹn. Ní ọ̀dọ̀ wa tí a wà nítòsí àárín ayé, ọ̀nà wọn jìnnà síra, a sì máa ń dúró pẹ́. Bí ènìyàn bá kùnà ìkọjá kan, ó di wákàtí púpọ̀. Ọ̀gá a máa fi ọkọ̀ èrò ṣe àpèjúwe rẹ̀ pé, "Mís Mòdínátù, kì í ṣe trotro. Kò sí méètì tí yóò lu ara ọkọ̀ kí ó lè dúró dè ọ́."

Òpó tí mo ń sọ, símẹ́ńtì onígun mẹ́rin kan, wà ní abúlé apẹja kan ní ìlà-oòrùn Accra. Àwọn awọnlẹ̀ àtijọ́ ni wọ́n rì í sórí bèbè òkun, láti ara rẹ̀ ni wọ́n sì ti wọn ààlà gbogbo ilẹ̀ abúlé náà. Nígbà tí wọ́n rì í, òkun jìnnà sí i. Ní ìgbà tiwa, òkun ti ń jẹ bèbè náà lọ́dọọdún, àwọn ilé kan ti wọlé sómi. Bí òpó náà bá lọ kí a tó mọ ibi tí ó wà dájú, ìwé ilẹ̀ abúlé náà kò ní gbòǹgbò mọ́, ẹnikẹ́ni tí ó bá lówó lè wá sọ pé ààlà kò sí níbẹ̀. Awò wa kò lè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ mọ́, nítorí pé ilé ti bo gbogbo ojú ọ̀nà. Sátẹ́láìtì nìkan ni ó kù.

Ẹ mọ̀ pé kí ọdún Homowo tó dé, àwọn Ga a máa fi òfin de ìlù àti ariwo fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀, kí ilẹ̀ lè sinmi, kí ọkà lè hù. Ọ̀gá mọ̀ ọ́n. Ó dúró títí wọ́n fi ṣí òfin ní Accra, ó wá kó wa lọ. Ohun tí ọmọ Fante náà kò mọ̀ ni pé ìlú Ga kọ̀ọ̀kan ní àkókò tirẹ̀. Bí wọ́n ti ń ṣí i ní Accra ni abúlé náà ń dè é lọ́wọ́.

A kò tí ì fún jẹnẹrétọ̀ tí ń fún ẹ̀rọ wa ní iná ní epo kejì tí a fi rí àwọn ọkùnrin tí ó rọ́ aṣọ mọ́ ìbàdí, tí wọ́n ń bọ̀ láti ọ̀nà etíkun. Ataa Bòì ni ó ṣíwájú wọn, olórí àwọn apẹja. "Ataa" ni a ń pe bàbá ní èdè Ga.

"Ta ni ó mú ẹranko tí ń bú yìí wá sí ilẹ̀ wa?"

"Kì í ṣe ìlù, bàbá," ni ọ̀gá wí. "Ẹ̀rọ lásán ni."

"Bí kì í bá ṣe ìlù, kí ló dé tí àyà mi ń jó sí i?"

"Wọ́n ti ṣí òfin ní Accra ní ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá."

Ataa Bòì wo òkun, ó wo àwọn ilé, ó wo ọ̀gá mi. "Ṣé Accra nìyí?"

Wọ́n pa jẹnẹrétọ̀, wọ́n fi àwọ̀n wé e, wọ́n sì gbé e lọ. Wọ́n ní a ó gbà á lọ́jọ́ tí àwọn bá ṣí òfin. Ìgbì sì ń lu ìsàlẹ̀ bèbè, iyanrìn ń já bọ́ díẹ̀díẹ̀. Mo mọ̀ pé bí a bá dúró de ọjọ́ tí wọn yóò ṣí òfin, a kò ní bá òpó náà níbẹ̀.

Mo tẹ̀lé bàbá náà, mo fi èdè Ga bẹ̀ ẹ́. "Ofainɛ, Ataa. Ẹ jọ̀ọ́."

Ó yíjú padà. Ó wo ìlà ojú mi, ó fi orúkọ tí wọ́n ń pe àwa Yorùbá pè mí. "Àláátà! Ṣé wọn kò tí ì lé ẹ lọ ni?"

"Ataa, bí wọ́n bá lé mi, ta ni yóò wá wọn ilẹ̀ yín?"

Àwọn ọkùnrin náà bú sẹ́rìn-ín, wọ́n sì yára fọwọ́ bo ẹnu nítorí òfin. Bàbá náà kò rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó jókòó sórí ọkọ̀ ojú omi kan tí wọ́n dojú rẹ̀ bolẹ̀, mo sì ṣàlàyé ohun gbogbo fún un.

"Ìràwọ̀ irin kan ni yóò wá rántí ibi tí òpó wa wà?"

"Àwa ni a ó rántí, Ataa. Òun kàn máa sọ ọ́ fún wa ni."

"Láì pariwo?"

"Láì pariwo."

Ó ní kí a máa bá iṣẹ́ wa lọ, bí kò bá ti ní ariwo nínú. Mo wọ trotro lọ sí Abossey Okai, níbi tí Bùráímọ̀ ti ń ṣe fítà, bí wọ́n ti ń pe mọkáníìkì níhìn-ín. Wáyà àti bátìrì ọkọ̀ ni iṣẹ́ tirẹ̀.

"Bọ̀dá, bátìrì ni mo wá gbà."

"Mélòó?"

"Gbogbo èyí tí ẹ bá ní."

"Fún ọkọ̀ wo?"

"Fún sátẹ́láìtì."

Ó kọjú sí àwọn fítà yòókù, ó kígbe pé, "Ẹ wá o! Àbúrò mi ti ra sátẹ́láìtì, kò sì fẹ́ sítáàtì!"

Wọ́n fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ títí omi fi bọ́ lójú mi, ṣùgbọ́n bátìrì kún ẹ̀yìn ọkọ̀ akẹ́rù ẹ̀gbọ́n mi kí oòrùn tó yí. Ojoojúmọ́ ni ó ń gbé èyí tí ó ti kú lọ láti lọ fi iná sí i, tí ó sì ń gbé èyí tí ó yè bọ̀. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń pariwo, nítorí náà ó máa ń pa á ní ẹnu ọ̀nà abúlé, àwọn apẹja a sì bá a ti ọkọ̀ náà wọlé. Bùráímọ̀ ní òun kò rí ibi tí wọ́n ti ń fi ọlá ti ọkọ̀ tí kò bàjẹ́ rí.

Síbẹ̀, bátìrì kò tó. Ẹ̀rọ náà ń jẹ ẹ́ bí ewúrẹ́ ń jẹ èèpo iṣu, nígbà tí ó ń dúró de sátẹ́láìtì àti nígbà tí ó ń gbọ́ ọ. Àwọn tí ó kọ́ wa sì ti wí pé a kò gbọdọ̀ pa á, nítorí òkúta dígí kékeré kan wà nínú rẹ̀ tí ìgbọ̀nrìrì rẹ̀ ni ẹ̀rọ náà fi ń wọn ohùn. Bí òkúta náà bá tutù, ìwọ̀n rẹ̀ a yẹ̀. Mo dá àbá kan. Kí a fi bátìrì kan ṣoṣo mú òkúta náà móoru, kí a sì máa fún ìyókù ẹ̀rọ náà ní agbára kìkì nígbà tí sátẹ́láìtì bá fẹ́ yọ. Mo lè fi ọ̀nà tí wọ́n ti tọ̀ ní àná ṣírò àkókò tí wọn yóò yọ lónìí.

Ọ̀gá gba ìwé ìṣirò mi. "Ta ni ó jẹ́rìí rẹ̀?"

"Kò sí ẹnì kankan níhìn-ín, sà."

Ọkùnrin yẹn, tí ó ti pẹ́ tí ó ti kúrò ní ẹni tí ń ṣe ìṣirò fúnra rẹ̀, gbé àpótí kan, ó kọ ẹ̀yìn sí mi, ó mú pẹ́ńsù. A jókòó bẹ́ẹ̀ lórí iyanrìn, ẹ̀yìn sí ẹ̀yìn, títí àwa méjèèjì fi parí. Ó na ìwé tirẹ̀ sí mi láì bojú wẹ̀yìn. Ìdáhùn wa dọ́gba. Ó wí pé, "Tan ẹ̀rọ rẹ nígbà tí o bá fẹ́, Mís Mòdínátù." Ẹ̀rọ rẹ, ni ó wí. Wọ́n ti fi àwo àti ìwé ẹ̀rí dá mi lọ́lá lẹ́yìn ìgbà náà, kò sí èyí tí ó tó ọ̀rọ̀ yẹn.

Ìkọjá díẹ̀ ni ó kù fún wa nígbà tí òkun bínú. Láti òwúrọ̀ ni ìgbì ti ń ga. Kí ó tó di ọ̀sán, bèbè ti là lẹ́bàá òpó náà, ibi tí ó là gba ẹsẹ̀ ènìyàn. Ọ̀gá ní kí a sọ áńtẹ́nà kalẹ̀.

"Sà, ọ̀kan ń bọ̀ láìpẹ́, ó gba àárín ọ̀run dáadáa. Bí a bá ní in pẹ̀lú èyí tí ó tẹ̀lé e, ó tó."

"Bí òpó bá tẹ̀ díẹ̀, gbogbo rẹ̀ bàjẹ́. Bí ó bá ṣubú, ẹ̀rọ lọ. Kì í ṣe ti bàbá wa."

Ataa Bòì ti dé ẹ̀yìn wa. Ó bi mí pé kí ni ọkùnrin náà ń wí. Mo sọ ọ́ fún un. Ó tọ́ka sí agbọ́hùn tí ó wà létí mi. "Jẹ́ kí n gbọ́ ìràwọ̀ yín."

Ìkọjá náà ti bẹ̀rẹ̀. Mo fi agbọ́hùn bò ó létí. Ó tẹ́tí, ojú rẹ̀ yí padà. Ohùn náà ń bọ̀ wálẹ̀ láti òkè, tín-ín-rín, tín-ín-rín, bí ẹni ń súfèé tí èémí rẹ̀ ń tán lọ.

"Ṣé èyí kò rú òfin ariwo, Ataa?" ni mo fi ṣe àwàdà.

"Etí kan ṣoṣo ni ó gbọ́ ọ," ni ó wí. "Òfin kò kan etí kan ṣoṣo."

Ó bọ́ agbọ́hùn náà, ó gbé ọwọ́ sókè sí àwọn ènìyàn rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ti rí àwọn apẹja Ga tí wọ́n ń fa àwọ̀n mọ̀ pé orin ni wọ́n fi ń fà á, igbe ni wọ́n fi ń ṣe gbogbo ohun tí ó bá wúwo. Lọ́jọ́ náà, tọkùnrin tobìnrin, wọ́n kó àpò iyanrìn, wọ́n yí ìtì igi àgbọn, wọ́n dúró sínú omi dé àyà, wọ́n sì fi wọ́n ti ìsàlẹ̀ bèbè náà láì sí ẹni tí ó la ẹnu. Mo ń gbọ́ ìgbì, mo ń gbọ́ èémí wọn. Ọ̀gá dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú ẹrẹ̀ pẹ̀lú ṣòkòtò rẹ̀ onílà títọ́, ó fi ojú lé èéfó omi inú ohun ìtẹ́jú tí ń sọ bí nǹkan bá tẹ̀.

"Kò yẹ̀," ni ó ń sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Kò tí ì yẹ̀."

Sátẹ́láìtì kejì yọ ní àsìkò tí ìṣirò wa wí. Ó kọjá, ó wọ̀. Mo gbé ọwọ́ sókè, nítorí pé n kò lè kígbe. Ọ̀gá sọ áńtẹ́nà kalẹ̀ fúnra rẹ̀. Àwọn apẹja jáde nínú omi, wọ́n jókòó sórí iyanrìn, ẹnì kan gbé kẹ́ńkẹ́ àgbàdo àti ẹja díndín wá, a sì jẹun pọ̀ nínú ìdákẹ́jẹ́ yẹn.

Ọ̀sẹ̀ kan kò pé tí òpó náà fi ṣubú sínú òkun. Ní Accra, a ti parí ìṣirò rẹ̀, ẹ̀yìn sí ẹ̀yìn.

Mo di olórí ẹ̀ka náà nígbà tí ọ̀gá fẹ̀yìn tì. Ẹ̀rọ ìṣirò onírin lọ, kọ̀ǹpútà dé. Sátẹ́láìtì tuntun pọ̀ sí i lókè débi pé kò sí ìdúródè mọ́. Ó di ohun tí ènìyàn kàn ń fi fóònù wò. Wọ́n dá Transit dúró, wọ́n ní ó ti gbó. N kò bá yín jiyàn pé tuntun dára jù. Mo kàn mọ̀ pé ẹni tí ó ti dúró de ohun kan fún wákàtí mẹ́ta lórí bèbè yóò bọ̀wọ̀ fún un nígbà tí ó bá dé. Mo kọ́ àwọn ọmọ púpọ̀, mo sì gba rọ́bà lọ́wọ́ gbogbo wọn.

Mo ti fẹ̀yìn tì nígbà tí ẹjọ́ abúlé náà dé ilé-ẹjọ́. Àwọn kan fẹ́ kọ́ ilé ìtura sí etíkun. Wọ́n ní ìwé abúlé náà ń tọ́ka sí òpó tí kò sí, nítorí náà kò sí ààlà. Ataa Bòì ti kú. Ọmọbìnrin rẹ̀ tí ń ta ẹja ni ó wá mi wá sí Mamobi. Adájọ́ ní òun fẹ́ fi ojú rí ilẹ̀ náà, gbogbo wa sì pàdé létíkun.

Agbẹjọ́rò àwọn olùkọ́lé náà kí mi tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. "Màmá, òpó tí ẹ ń sọ yìí, níbo ni ó wà?"

"Ó wà nínú òkun, sà."

Àwọn ènìyàn rẹ̀ rẹ́rìn-ín. "Ṣé ẹja ni yóò wá jẹ́rìí fún wa?"

Mo pe Àdíjátù, awọnlẹ̀ kan tí mo kọ́, ó ti gbé ẹ̀rọ tuntun rẹ̀ wá. Ó fi òǹkà tí a gbà láti ọ̀dọ̀ sátẹ́láìtì sí i, ó yí i sí ìlànà òde òní, ó wọ ọkọ̀ àwọn apẹja, wọ́n sì tù ú lọ. A rí i tí ó ń tọ́ka: síwájú, sí òsì, díẹ̀ sí i. Ó gbé ọwọ́ sókè. Wọ́n so òkúta mọ́ gálọ́ọ̀nù pupa kan, wọ́n jù ú sómi níbẹ̀.

Kí ẹnikẹ́ni tó sọ̀rọ̀, ariwo ta láàárín àwọn apẹja tí ó dúró létíkun. Wọ́n ń lu ara wọn, wọ́n ń pariwo bí ẹni tí ó gbá bọ́ọ̀lù wọlé.

"Kí ni wọ́n ń wí?" ni adájọ́ bi.

Ọmọbìnrin Ataa Bòì ni ó dá a lóhùn. "Wọ́n ní ibẹ̀ gan-an ni! Láti ìgbà tí a ti wà lọ́mọdé ni ohun kan ti ń ya àwọ̀n wa níbẹ̀. A ti bú u, a ti fi í ré, a kò mọ ohun tí ó jẹ́!"

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan bọ́ ẹ̀wù, ó bẹ́ sómi láti inú ọkọ̀, ó pẹ́ nísàlẹ̀ débi pé mo ń gbàdúrà. Nígbà tí ó yọ, ó gbé ọwọ́ rẹ̀ tí ó ti bó sókè. "Símẹ́ńtì ni! Onígun mẹ́rin ni!"

Adájọ́ yíjú sí akọ̀wé rẹ̀, ó ní kí ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé ilé-ẹjọ́ ti rí òpó náà. Ààlà dúró sí ibi tí ó wà, ilẹ̀ náà sì jẹ́ ti abúlé náà títí di òní.

Bí ẹ bá gba etíkun yẹn kọjá, ẹ ó rí gálọ́ọ̀nù pupa kan tí ń jó lórí omi. Wọ́n máa ń pààrọ̀ rẹ̀ bí oòrùn bá ti sọ ọ́ di funfun. Ẹ má ṣe ju àwọ̀n síbẹ̀ o. Iṣẹ́ mi ni ó wà lábẹ́ rẹ̀.